Ẹ̀JẸ̀ ỌMỌ WA TÍ WỌ́N Ń GBÀ, NÍBO NI Ó Ń LỌ?

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Akanran, ìyá kan tí ń ta gàrí ké sí mi láti ìdí igbá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì mi. Mo rò pé ó fẹ́ bèèrè bí ọmọ náà ti ń ṣe sí nínú ìṣirò ni, mo sì ti ń to èsì jọ lẹ́nu. Ohun tí ó bi mí kì í ṣe ìyẹn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi tí ẹ ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbà lọ́jọ́sí, kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀? Ṣé àìsàn wà lára rẹ̀ ni, àbí kò sí? Àwọn ará ọjà ń sọ pé ńṣe ni wọ́n tà á."

Mo ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, ìyá. Ta ni yóò ra ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ṣíbí?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sílé ni ọ̀rọ̀ náà ń gún mi láyà, nítorí pé n kò dáhùn ohun tí ó bi mí. N kò mọ̀ ọ́n ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kan ni ọkọ̀ funfun kan gúnlẹ̀ sí ilé-ìwé wa. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀, ọ̀gá wa sì pè mí pé kí n pín ìwé kan fún àwọn ọmọ, kí àwọn òbí wọn fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú ewé mẹ́ta. Mo ka ìlà méjì tàbí mẹ́ta, mo sì ká a pọ̀, nítorí pé aago ń lọ. Nígbà tí ìyá yìí wá bi mí bóyá kò sí ewu, mo ní, "Kò séwu, ìjọba ni." Ó tẹ̀ka. Wọ́n gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ lórí ìka, wọ́n fún wọn ní bisikíìtì, wọ́n lọ, a kò sì gbúròó wọn mọ́.

N kì yóò dárúkọ àwọn tí ó wá, nítorí ẹjọ́ ara mi ni mo ń rò níhìn-ín, kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí kiri: ta ni àwọn tí ń fi owó ìjọba ṣe ìwádìí lórí àìsàn, kí ni olúkúlùkù wọn ń wá, kí sì ni àwa ará oko Ìbàdàn, láti Akinyẹlé dé Lágẹlú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, ti rí gbà nínú rẹ̀? Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi hàn yín, ẹ̀yin olùkà wa. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dùn, díẹ̀ sì korò.

ÌJỌBA KAN, ILÉ PÚPỌ̀

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo ń wí pé "ìjọba ni" bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ ìjọba. Bí alágbẹ̀dẹ kì í ti í re aró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba kò ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tí ó wà ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àrùn oorun ni tirẹ̀, èyí tí eṣinṣin máa ń kó ran ènìyàn àti màlúù. Èyí tí ó wà ní Vom nítòsí Jos ti wà láti 1924. Àìsàn ẹran ọ̀sìn ni ó ń wò, òun ni ó sì ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ ń rà. Èyí tí ó wà ní Idu ní Àbújá, 1987 ni wọ́n dá a sílẹ̀, oògùn ni ó ń wá, pàápàá nínú ewé àti egbò. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ní Ìbàdàn tiwa, Yunifásítì àti UCH ni. Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ni méjèèjì, 1957 ni wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn náà. Àwọn kan a máa ka IITA tí ó wà lọ́nà Mọ́níyà mọ́ wọn. Rárá o, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni tàwọn yẹn, kì í sì í ṣe ti ìjọba wa nìkan.

Èyí tí ó jẹ́ àgbà gbogbo wọn nínú ọ̀rọ̀ àìsàn ènìyàn ni èyí tí ó wà ní Yàbá ní Èkó. Orúkọ rẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1954 ó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lápapọ̀. Ní 1972 ó di ti Nàìjíríà. Ní 1977 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí NIMR. Ibà, ikọ́ ife àti àrùn éèdì ni ó ń wò jù lọ, ó sì wà lára àwọn tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò nígbà tí Kòrónà dé ní 2020. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju gbogbo èyí lọ, inú gbòǹgbò náà ni mo sì ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn díẹ̀ fún ìyá oníGàrí.

Ní 1925, àwọn oníṣègùn tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá tẹ̀dó sí Yàbá láti wá ìdí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, àìsàn tí ń sọ ojú ènìyàn di pupa ràkọ̀ràkọ̀, tí ń mú kí ó máa bì dúdú, kí ó tó kú. Ọdún méjì ni wọ́n fi wá ohun tí ń fà á, wọn kò rí i. Ní June 1927, ní Kpeve ní ilẹ̀ Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan, ẹni ọdún 28, tí ń jẹ́ Asibi, tí ibà náà ń ṣe. Wọ́n fún ọ̀bọ kan láti ilẹ̀ Íńdíà ní ẹ̀jẹ̀ náà. Ọ̀bọ kú. Asibi ní tirẹ̀ gbádùn. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà, kó ibà yìí, ó sì kú ní Èkó ní September ọdún kan náà. Noguchi ará Jàpáàn kú ní Accra ní ọdún kejì. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi kò kú. Wọ́n gbé e dé New York, ibẹ̀ sì ni Max Theiler ti tọ́ ọ títí ó fi di ohun tí kò lè pa ènìyàn mọ́, tí ó kàn ń kọ́ ara bí a ti ń jà. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń lọ sí Kútọnu, tí wọ́n ń bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín ní ẹnubodè, ẹ gbọ́ o: abẹ́rẹ́ tí ó wà lórí káàdì yín, láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni ó ti wá. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ni a ti ń lò ó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Yàbá náà ń ṣe é tẹ́lẹ̀, títí di 1991 tí wọ́n dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbà á láti òkèèrè. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ti ń dunni kí á máa ra ohun tí ó ti inú oko baba ẹni jáde yóò mọ bí ó ti rí lára mi nígbà tí mo gbọ́.

DÙGBẸ̀ ÀTI MỌ́KỌ́LÁ NÍNÚ ÌWÉ ÒYÌNBÓ

Ọ̀rọ̀ tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni èyí. Ní nǹkan bí 1964, Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ Rockefeller yìí kan náà, dá ilé àyẹ̀wò kan sílẹ̀ láti máa wá àwọn kòkòrò àrùn tíntìntín tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, àwọn tí ẹ̀fọn, eégbọn àti ẹranko kéékèèké ń gbé kiri. Wọ́n já eégbọn lára màlúù ní Ìbàdàn, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì tuntun kan nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀. Ní 1968 wọ́n mú asín, eku olóòórùn yẹn, wọ́n tún rí òmíràn, wọ́n pè é ní Mọ́kọ́lá. Ìgbò-Ọrà náà ní tirẹ̀. Ẹ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ sí Tókíyò, ẹ ṣí ìwé àwọn onímọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì, ẹ ó bá ọjà Dùgbẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìbátan dìgbòlugi ni. Ọmọdébìnrin méjì ni wọ́n rí i lára wọn ní Ìbàdàn ní ìgbà náà. Ọ̀kan, tí ó ṣàìsàn ní 1968, gbádùn. Èkejì kú ní 1971. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí a ní kò sì fi bẹ́ẹ̀ ká a. Bí àwọn ọmọ yín bá ń mú asín ní oko, ẹ kìlọ̀ fún wọn.

SOBÌÀ

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí jù lọ rèé, nítorí pé ojú mi ni ó ṣe.

Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé sobìà fún wa. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, kò sí agbo ilé kan ní abúlé wa tí ènìyàn kò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó na ẹsẹ̀ síwájú, tí ohun funfun bí òwú rọ̀ sí ara ojú egbò, tí wọ́n wé e mọ́ igi kékeré, tí wọ́n ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ìka kan lónìí, ìka kan lọ́la. Bí ó bá já, ẹsẹ̀ a wú, oorun a dẹ̀yìn. Ó lè gùn tó mítà kan. Àwọn àgbà wa ní pé inú ara olúkúlùkù ni sobìà ń gbé láti ọjọ́ ìbí, pé bí inú bá ń bí i ni ó ń jáde. Àwọn mìíràn ní Ọbalúayé ni ó rán an. Kò sí ẹni tí ó wo ọ̀dọ̀ omi.

Àsìkò tí ó burú jù ni ó sì ń yàn. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi adágún bá fà, tí gbogbo abúlé bá ń du ìwọ̀nba ẹrẹ̀ tí ó kù, ìgbà náà ni àwọn tí ó ti mu omi ní ọdún tó kọjá yóò máa bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ń dúró de ẹni tí yóò kọ ebè, ẹni tí yóò kọ ọ́ kò lè dìde. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń ta á, inú omi náà ni yóò ti lọ kì í bọ̀ kí ara lè tù ú. Ibẹ̀ ni sobìà ti ń da ọmọ rẹ̀ sínú omi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kòkòrò omi tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí a gbé e mì, àwa náà a bu omi náà mu. Ọdún kan gééré lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn jáde lọ sí àwọn abúlé wọ̀nyí, wọ́n ń ka orí ènìyàn láti ilé dé ilé. Dókítà Ọládélé Kálé tẹ ìwádìí rẹ̀ nípa sobìà ní àgbègbè Ìbàdàn jáde ní 1977. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni kí á ka iye ènìyàn tí ó ní sobìà àti iye ọjọ́ tí kò fi lè lọ sí oko. Kí ó tó dìgbà náà, ohun tí ìjọba mọ̀ ni pé àwọn ará oko ní egbò ẹsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi ìṣirò hàn wọ́n ni ó tó di ọ̀rọ̀ owó. Èyí tí ó kan àwa tíṣà ni èyí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1986: ọmọ tí sobìà bá mú lè pàdánù tó ìdá mẹ́rin ọdún ilé-ìwé kan. Ẹ ronú wò ó, ẹ̀yin tíṣà, iye ọmọ tí a nà nígbà náà pé wọ́n ń sá ní ilé-ìwé!

Ní Idere ní Ìbàràpá, àwọn ará Yunifásítì yìí kan náà kọ́ àwọn ará ìlú láti máa fi aṣọ tí ojú rẹ̀ kéré sẹ́ omi, àwọn télọ̀ ìlú ni ó sì ń rán an. Aṣọ lásán! Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn tí ń pa sobìà lára ènìyàn títí di òní. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga, oògùn tí a ń dà sínú adágún láti pa kòkòrò omi, àti kí ẹni tí ó ní egbò má ṣe wọ inú omi. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba ka gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1988, àwọn tí sobìà ń ṣe lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ní tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Jimmy Carter, tí ó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, mú un bí iṣẹ́ ara rẹ̀, Ọ̀gágun Gowon tiwa náà sì ń lọ láti abúlé dé abúlé láti 1999. Ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní Nàìjíríà wà ní Ìpínlẹ̀ Enugu ní November 2008. Ní December 2013, àjọ ìlera àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán pátápátá.

Mo ní ọmọ 41 nínú kíláàsì mi. Mo bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ó ń jẹ́ sobìà. Ẹnì kan nawọ́ sókè, ó ní orúkọ ẹja ni.

IBÀ, ÀTI ÀWỌN ÌYÁ Ọ̀NÀ-ÀRÀ

Lórí ibà ẹ̀fọn, gbogbo yín rántí oògùn kíkorò tí a ń pè ní chloroquine, tí ń mú kí ara máa yún ènìyàn tòru-tòru. Kọ́bọ̀ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà ti gbọ́n jù ú lọ. Àwọn oníwádìí ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú mìíràn ń lò ó fún àwọn ọmọ, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọjọ́ dé ọjọ́ láti wò ó bóyá kòkòrò náà ti lọ, wọ́n sì ń rí i pé kò lọ. Nítorí irú ẹ̀jẹ̀ báyìí ni ìjọba ṣe pa òfin dà ní 2005, tí wọ́n ní kí á fi oògùn alápapọ̀ tí ó ní artemether nínú rọ́pò rẹ̀. Ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ìdí oògùn yìí. Obìnrin tí ó rí i, Tu Youyou, gba Nobel ní 2015.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn yọjú: oògùn tuntun wọ́n, gbogbo ara gbígbóná kọ́ sì ni ibà. Ta ni yóò yẹ ọmọ wò ní abúlé tí kò ní nọ́ọ̀sì? Ní àárín 2010 sí 2016, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú owó àjọ ìlera àgbáyé, mú Ọ̀nà-Àrà wa níhìn-ín, Burkina Faso àti Uganda, wọ́n dán nǹkan kan wò. Wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn, tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, láti gún ọmọ níka, kí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí pálí kékeré kan, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlà kan, kò sí ibà. Ìlà méjì, ibà wà, kí wọ́n fún un lóògùn. Ọmọ tí gìrì bá mú, tí kò lè gbé nǹkan mì, wọ́n a fi oògùn sí i nídìí, wọ́n a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016: ó ṣeé ṣe. Àwọn ará abúlé ṣe é bí ó ti yẹ.

Mo rò ó pé, bóyá ọ̀kan nínú irú ìwádìí báyìí ni ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá oníGàrí. N kò mọ̀. Ohun tí ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

ṢÉ WỌ́N Ń TÀ Á LÓÒÓTỌ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò mọ̀ nígbà tí mo ń rẹ́rìn-ín ní Akanran. Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn wà ní Amẹ́ríkà, ó sì wà níbẹ̀ ní gbangba.

Láti 2002, ìjọba Amẹ́ríkà, Jàpáàn, Gẹ̀ẹ́sì, Ṣáínà, Kánádà àti Nàìjíríà jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá kan láti mọ bí ohun tí a jogún lára bàbá àti ìyá ṣe yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan sí òmíràn. Orúkọ rẹ̀ ni HapMap. Ènìyàn bí 270 ni wọ́n lò, 90 nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ wọn tí ó ti dàgbà. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn ará àdúgbò jọ, wọ́n ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ náà wà ní ilé-iṣẹ́ Coriell ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí wọ́n ti ń mú un bí sí i bí ìwúkàrà, kí ó má baà tán. Onímọ̀ tí ó bá fẹ́ lò ó ní ibikíbi láyé yóò san owó kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ti èrè. Ní 2005 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde, títí di òní ni a sì ń lo "Yorùbá ní Ìbàdàn" láti wádìí àìsàn ọkàn, àtọ̀gbẹ àti oríṣiríṣi nǹkan.

Nítorí náà àwọn ará ọjà kò kúkú purọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n wọ́n bi àwọn ti HapMap, wọ́n sì dáhùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín tiwọn àti tèmi nìyẹn.

Ìgbà kan wà tí ó burú ju tèmi lọ. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ bí 200. Ìdajì wọn gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn, 11 kú. Àwọn òbí ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Pfizer ní òun kò ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹjọ́ náà pẹ́ ní kóòtù, ó sì di 2009 kí wọ́n tó gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 75 fún Ìpínlẹ̀ Kánò. Nígbà tí àwọn kan ní Kánò kọ abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní 2003, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú wọn kọ̀ ọ́.

Òfin ìlera tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní 2014 ti sọ ọ́ kedere báyìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ ìdí rẹ̀ fún un àti ohun tí ó lè ṣe sí ìlera rẹ̀, kí òun náà sì fọwọ́ sí ìwé. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Òfin kò dárúkọ tíṣà níbẹ̀. Yunifásítì àti UCH ní ìgbìmọ̀ kan tí ń yẹ gbogbo ìwádìí wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wá sí abúlé yín pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ẹ ní kí ó fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ hàn yín. Ẹ ní kí ó ka ìwé náà sí yín létí ní Yorùbá. Ẹ bi í pé ìgbà wo ni yóò mú èsì padà wá, ta ni yóò sì mú un wá. Ẹ lè kọ̀, ẹ sì lè gbà lónìí kí ẹ kọ̀ lọ́la, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìyẹn du ọmọ yín ní ìtọ́jú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹlẹ́wẹ́-ọmọ, mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ Àbújá. Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ògúnyalé, ọmọ Yorùbá, ní àgbo ìdílé kan fún àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó gbé e lọ bá àwọn ti Idu, wọ́n sì bá a dá májẹ̀mú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ ń tà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára ènìyàn 82, ìrora tí ń mú wọn sì dínkù. Ní July 2006 ni wọ́n gbé e jáde ní Àbújá gẹ́gẹ́ bí Nicosan. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n fún ní àṣẹ láti máa ṣe é wọ gbèsè ní 2008, oògùn náà sì di àwátì. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lọ sè é nílé fún ọmọ, ìwọ̀n rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.) Owó tí ó yẹ kí ìjọba fi gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró kì í tó, òyìnbó tí ó bá ní owó ni a ń dúró dè, bí ó bá sì kó ẹrù rẹ̀ lọ, a ó máa wo ara wa lójú.

Nígbà tí mo ti mọ gbogbo èyí tán, mo padà sí ilé-ìwé, mo tú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bá ẹ̀dà kan ìwé ojú ewé mẹ́ta yẹn lábẹ́ ìwé ìpè-orúkọ. Mo jókòó, mo kà á dé òpin. Ibà ni wọ́n ń wá. Nọ́ńbà méjì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta. Èkíní kò lọ. Èkejì jẹ́ ti ìgbìmọ̀, obìnrin kan sì gbé e. Ó ní kí n kọ lẹ́tà, kí n fi ẹ̀dà ìwé náà há a. Mo ti kọ ọ́. N kò tíì rí èsì gbà.

Mo lọ bá ìyá oníGàrí ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ ohun tí mo mọ̀ àti ohun tí n kò tíì mọ̀, mo sì sọ fún un pé n kò ka ìwé náà kí n tó ní kí ó tẹ̀ka. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyá?"

"Bí ẹ ti yára ká a pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Tíṣà. Èmi tí n kò mọ̀wé, mo máa ń wo ojú ẹni tí ó ń kà á." Ó wọn gàrí kóńgò méjì fún mi. "Bí lẹ́tà yẹn bá dé, ibí ni kí ẹ ti wá kà á, kí àwọn tó kù lè gbọ́." Ó sì fi èènì lé e.